Fíìmù Onísùúrù àti Ojú Ìyá Àgbà

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ mi tó wú yìí kúrò níwájú fóònù yín kí ẹ tó yà mí. Mo rí bí ẹ ṣe ń ṣe é. Ẹ ń tẹ̀ ẹ́ ṣáá bí ẹni ń pa èèrà, ẹ ó wò ó, ẹ ó rẹ́rìn-ín, ẹ ó pa á rẹ́, ẹ ó tún yà á. Láàárọ̀ yìí nìkan, ẹ ti yà mí ju iye ìgbà tí wọ́n ya ìyá tó bí mi títí ó fi kú. Mi ò bá yín jà. Àsìkò yín ni. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan nínú yín bá sọ pé, "Màmá, ẹ má wo ìyẹn, kò dára, a ó tún un yà," ọkàn mi máa ń ṣí lọ síbi tó jìnnà. Nígbà tiwa, ẹni tó bá sọ pé òun yóò tún un yà, ó yẹ kó kọ́kọ́ sọ ibi tí yóò ti rí fíìmù.

Ẹ mọ ibi tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe lọ́nà ọjà, níbi tí wọ́n kun ògiri rẹ̀ ní àwọ̀ ewé. Ibẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù fótò Ọ̀gá Lámidi wà, nígbà tí Ayétòrò kò tíì fẹ̀ tó báyìí. Ilẹ̀kùn pákó ló ní, àti aṣọ ńlá kan tí wọ́n ya àtẹ̀gùn ọkọ̀ òfuurufú sí lára. Ẹni tí kò dé Ìlaròó rí yóò dúró síwájú àtẹ̀gùn yẹn, yóò gbé àpótí òfìfo dání, yóò sì di èrò Mẹ́kà. Ẹ̀yìn aṣọ yẹn ni yàrá òkùnkùn wà, níbi tí a ti ń fọ fíìmù. Ibẹ̀ ni mo ti lo ìgbà èwe mi.

Ẹ ó bi mí pé kí ni ọmọbìnrin ń wá níbẹ̀. Ojú ló ń tì mí. Ìwé mẹ́rin ni mo kà kí bàbá mi tó kú, ni ìyá mi bá ní kí n máa kiri àgbàdo sísè. Mo gbé igbá sórí, ohùn mi kò jáde. Bí oníbàárà bá pè mí, màá sáré kọjá bí ẹni tí kò gbọ́. Àgbàdo yóò tutù, màá gbé e padà wálé. Nígbà tó sú ìyá mi, ó fà mí lọ́wọ́ lọ bá Ọ̀gá Lámidi.

"Lámidi, mo gbọ́ pé o ní yàrá kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣílẹ̀kùn rẹ̀ lójijì, tí wọn kì í sì í sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ọmọ mi rèé."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ìyá, wọ́n ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ o."

"Ta ló ń sọ̀rọ̀?"

"Omi ni."

Òótọ́ ló sọ. Bí ẹ bá wọ yàrá yẹn, omi nìkan lẹ máa gbọ́. Omi kànga ni, a ó fi aṣọ sẹ́ ẹ, a ó gbé e sínú ìkòkò kó lè tutù. Yóò máa kán tó, tó, tó, sínú abọ́. Bébà pupa ni a fi wé atùpà, nítorí ìmọ́lẹ̀ mìíràn kò gbọdọ̀ kan bébà fótò. Bí mo bá ti bébà bọ inú omi oògùn, funfun lásán ni yóò kọ́kọ́ jẹ́. Màá máa mì í jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ni irun yóò yọ, ìpéǹpéjú yóò yọ, ihò imú, ìlà ojú. Odidi èèyàn yóò yọ sí mi bí ẹni tó ń ti inú odò gòkè bọ̀. Bó ti wù kí n rí i tó, àyà mi kò ṣíwọ́ jíjá. Òórùn háípò, ìyẹn oògùn tí a fi ń mú àwòrán dúró kó má baà ṣá, wọ inú èékánná mi débi pé nígbà tí mo lọ sílé ọkọ, ọkọ mi máa ń sọ pé ọbẹ̀ mi ń rùn bíi fótò.

Àṣìṣe wa náà kì í ṣe kékeré. Ní ọyẹ́ ọdún kan, a sá fíìmù tí a fọ̀ sórí okùn lẹ́yìnkùlé, atẹ́gùn já a bọ́ sílẹ̀, adìyẹ sì gba orí rẹ̀ kọjá nígbà tó ṣì tutù. Nígbà tí àwòrán olóyè kan jáde, ẹsẹ̀ adìyẹ wà ní iwájú orí rẹ̀ gbàgàdà. Ọ̀gá fi pẹ́ńsù wẹ́wẹ́ tún un ṣe títí ó fi dà bí ilà. Olóyè wò ó, ó mirí, ó ní, "Lámidi, mi ò mọ̀ pé mo ní ilà níbí." Ọ̀gá ní, "Kámẹ́rà ló máa ń rí i, bàbá." Inú olóyè dùn lọ sílé.

Ẹ̀yin rò pé fíìmù dúdú-àti-funfun, ọ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀. Rárá o. Oríṣi méjì ni Ọ̀gá ń lò, ó sì ti sọ wọ́n lórúkọ bí ẹni sọ ọmọ. Ọ̀kan ń jẹ́ Oníkánjú, èkejì ń jẹ́ Onísùúrù. Oníkánjú kì í fi nǹkan falẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kéré, bí ọmọdé bá ń ta ẹsẹ̀, bí wọ́n bá ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Ìmẹ̀kọ tí eruku ń sọ lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, yóò mú wọn ṣinṣin. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kì í dán. Bí a bá sọ àwòrán rẹ̀ di ńlá, ojú èèyàn a máa rí bí ìgbà tí wọ́n bu gaàrí wọ́n ọn. Onísùúrù ní tirẹ̀ fẹ́ ìmọ́lẹ̀ púpọ̀, tàbí kí èèyàn jókòó jẹ́ẹ́ fún un. Bí o bá jókòó fún un, yóò san án fún ọ. Ihò léèsì funfun yóò hàn lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú dúdú yóò sì dán bí ẹni fi àdín pa á. "Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," òwe Ọ̀gá nìyẹn, Onísùúrù ló sì máa ń pa á fún.

Bí oníbàárà bá dé, Ọ̀gá yóò jáde wo ojú ọ̀run, yóò wo onítọ̀hún láti ẹsẹ̀ dé orí, yóò wo aṣọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò ti ọwọ́ bọ inú agolo. Ọkọ ìyàwó, Onísùúrù. Ọmọdé tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́, Oníkánjú. Mo bi í nígbà kan pé ẹni tó mu ẹmu wá ńkọ́, ó ní, "Oníkánjú ni. Ẹni tó mu ẹmu kì í mì, ilẹ̀ ló ń mì, ṣùgbọ́n fíìmù kò ní mọ ìyàtọ̀."

Àwọn ọ̀dọ́ ìgbà yẹn ti ń bèèrè kọ́lọ̀, ìyẹn fótò aláwọ̀. Wọ́n á ní dúdú-àti-funfun ti di ti àwọn bàbá wọn. Èkó ni wọ́n ti ń fọ kọ́lọ̀, bó bá sì dé padà, gbogbo àdúgbò ni yóò jáde wò ó. Ẹ lọ tú àpótí àwọn òbí yín wò lónìí. Kọ́lọ̀ ìgbà yẹn ti pọ́n bí ata, ẹ ò lè mọ ìyàwó yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́ ìyàwó mọ́. Dúdú-àti-funfun tí a fọ̀ pẹ̀lú omi kànga ṣì ń wò yín lójú kòrókòró.

Àgbàlagbà ní ìlànà tirẹ̀. A kì í ya àgbà ní ààbọ̀ ara. Ẹsẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ hàn, ọwọ́ méjèèjì lórí orúnkún, etí méjèèjì, ojú kó kọ sí kámẹ́rà gbọnrangandan. Àwòrán tí yóò dúró sí ògiri nígbà tí onítọ̀hún bá lọ tán nìyẹn. Nítorí náà, Onísùúrù ni tàgbà. Gbogbo ìlú ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, ló mú mi rántí gbogbo èyí. Ó ní àbúrò kan ṣoṣo tó kù nínú ọmọ ìyá rẹ̀, ọkọ rẹ̀ ti mú un lọ sí Kétu, ní òdìkejì bọ́dà. Ìyá Kétu là ń pè é. Ẹ̀yin ń pè é ní bọ́dà, lójú àwọn ìyá wa, oko àti odò lásán ni. Wọ́n á jí ní Ìwòyè tó wà létí ibẹ̀, wọ́n á lọ ra iṣu lọ́hùn-ún, wọ́n á kí ṣọ́jà ibẹ̀ lédè Faransé ní "bọ̀ǹjúù", wọ́n á sì padà kí oúnjẹ ọ̀sán tó jiná. Bí Iléyá bá dé, Ìyá Kétu yóò wá síbí, bí òmíràn bá dé, Ìyá Àgbà yóò lọ bá a. Ìgbà tí wọ́n bá jókòó pọ̀ tí wọ́n ń gé ẹran, wọ́n á máa bú ara wọn bí ọmọdé. "Ìwọ tí o máa ń tọ̀ sára mi!" "Ìwọ tí o máa ń gbá mi létí nítorí ẹ̀!" Àwa yóò máa rẹ́rìn-ín.

Àfi bí àwọn ológun ṣe gba ìjọba tí wọ́n sì ti bọ́dà pa. Ẹ má rò pé irú èyí tí wọ́n tì láìpẹ́ yìí ni, tí ìrẹsì wọ́n, ṣùgbọ́n tí ẹ̀yin ṣì ń rí ojú àwọn ará Pobẹ̀ lọ́hùn-ún lórí fóònù tí ẹ ń bá wọn yọ̀. Tìgbà yẹn, ilẹ̀kùn tì, ojú tì, ohùn tì. Kútọnu ni fíìmù ti ń wá bá wa, láàárín ẹrù àwọn ìyá aláṣọ. Bébà ti ibẹ̀ wá, bátìrì iná kámẹ́rà náà ti ibẹ̀ wá. Kò pẹ́, agolo Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í dún kòròkòrò. Nígbà tó yá, Oníkánjú kan àti Onísùúrù kan péré ló kù nínú rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni Ìyá Àgbà ránṣẹ́ sí Ọ̀gá. "Lámidi, wá yà mí. Iléyá ń bọ̀, àbúrò mi kò ní rí mi. Kó rí mi nínú fótò."

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Ojú Ìyá Àgbà ti ń ṣe bàìbàì, àwọ̀ aṣọ àti ìrísí èèyàn ló kù tó ń rí. Orí rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Kì í dúró. Bó bá ń jẹun, bó bá ń kírun, bó bá jókòó lásán, yóò máa mì bí ẹni tó ń sọ pé rárá. A kò sọ ọ́ létí rẹ̀ rí. Báwo ni ọmọ ṣe máa wo ojú ìyá rẹ̀, kó ní orí yín ń gbọ̀n? Bí gèlè bá yẹ̀ lórí rẹ̀, ìyá mi yóò tún un ṣe, yóò ní atẹ́gùn ni. A fẹ́ ẹ débi pé a jọ fi atẹ́gùn bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀.

Ọ̀gá gbé kámẹ́rà àti ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́ta wá, èmi ru àpò tẹ̀ lé e. Ó ní kí Ìyá bọ́ síta, síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà.

"Ṣé àgbàdo ni mí tí o fẹ́ sá mi sóòrùn? Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ni mo jókòó sí."

Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣókùnkùn. Mo rí Ọ̀gá tó wo òkè, tó wo Ìyá, tó ti ọwọ́ bọ àpò. Mo mọ èyí tí ọwọ́ rẹ̀ lọ bá. Oníkánjú ni. Mo mọ̀ ọ́n nítorí páálí rẹ̀ máa ń ró.

"Kí ló ń ró?" Ìyá Àgbà gbé orí sókè, orí ń mì. "Lámidi, kì í ṣe Onísùúrù lo fẹ́ fi yà mí ni? Àbí wọ́n sọ fún ọ pé mi ò lè jókòó jẹ́ẹ́?"

Ìyá mi ń wo ilẹ̀. Bí Ọ̀gá bá fa Oníkánjú yọ, ó ti sọ ọ́ nìyẹn, níṣojú ọmọ, níṣojú ọmọ-ọmọ.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀, Ìyá? Onísùúrù ni tàgbà."

Ó dá Oníkánjú padà. Ó fi èkejì sínú kámẹ́rà. Ó ní, "Ìyá, ẹ má mí o." Kámẹ́rà lanu, kẹ̀. A gbọ́ ewúrẹ́ tó ń ké lẹ́yìnkùlé, a gbọ́ ẹni tó ń gúnyán nílé kejì. Kámẹ́rà kò tíì pa ẹnu dé. Ìyá jókòó gbọnrangandan, ọwọ́ lórí orúnkún, ó sé èémí mọ́nú, ó sì dá mi lójú pé gbogbo agbára tó kù nínú ara rẹ̀ ló fi jókòó. Orí nìkan ni kò gbọ́. Kẹ̀. Ó parí. Wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀ títí fíìmù fi tán.

Nígbà tí mo ti bébà bọ omi, àga ló kọ́kọ́ yọ, ó dán. Ìró Ìyá yọ, o lè ka òwú rẹ̀. Iṣan ọwọ́ yọ, èékánná ẹsẹ̀ yọ. Mo ń mì í, mo ń retí. Ibi tí ojú yẹ kó wà, èéfín ló wà níbẹ̀. Èéfín funfun tí gèlè dé lórí. A tẹ èkejì, èéfín. A tẹ ẹ̀kẹta, èéfín. Ọ̀gá jókòó sórí korobá nínú ìmọ́lẹ̀ pupa yẹn.

"Ọwọ́ mi ti wà lára Oníkánjú," ó ní.

Ó gbé e lọ bá Ìyá Àgbà, ó fẹ́ ṣàlàyé. Ìyá gbà á, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó fi àtàǹpàkò ra á. "Mo rí ẹsẹ̀ mi. Mo rí ìró mi. Ṣé ó dára?"

Ìyá mi ló kọ́kọ́ dáhùn. "Ó dára, Ìyá." Àwọn ará ilé ní ó dára. Nígbà tó kan Ọ̀gá, òun náà ní, "Ó dára, Ìyá." Inú Ìyá dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi ya etí ìborùn rẹ̀ funfun, ó wé fótò náà sínú rẹ̀ kí òógùn má baà kàn án, ó ní kí wọ́n pe Àǹtí Sìkírá wá.

Sìkírá jẹ́ aláṣọ tó mọ gbogbo ọ̀nà inú igbó láti Ìwòyè dé Kétu. Ọ̀gá sáré tẹ̀ lé e, ó ní kó dá fótò náà dúró díẹ̀, kí òun fi Oníkánjú tó kù ya òmíràn sí i. Ṣùgbọ́n kó tó padà dé ṣọ́ọ̀bù, àwọn ṣọ́jà ojú ọ̀nà ti wá jókòó dè é. Wọ́n fẹ́ ya fótò ránṣẹ́ sílé. Èyí gbé ìbọn sáyà, èyí yí fìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́, èyí dúró síwájú àtẹ̀gùn ọkọ̀ òfuurufú. Ta ni yóò sọ fún ṣọ́jà pé fíìmù ti ní ẹni tó ń dúró dè é? Wọ́n ya Oníkánjú tán. Sìkírá dúró títí, nígbà tí kò gbúròó Ọ̀gá, ó lọ.

Kò dé Kétu lọ́jọ́ náà. Kọ́sítọ́ọ̀mù pọ̀ lọ́nà. Ó fi fótò lé ọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ kan lọ́wọ́, ọkùnrin náà jù ú sọ́wọ́ Ìyá Kétu, ó ní, "Láti Ayétòrò ni," ó sì fi ìbẹ̀rù gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà.

Nígbà tí Sìkírá fúnra rẹ̀ wá rí ọ̀nà lọ, tó sì padà, kò yà nílé wa. Ṣọ́ọ̀bù ló wá, kò jókòó.

"Lámidi, kí lo yà fún ìyá yẹn?"

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Mo dé Kétu, mo bá wọn lórí ẹní. Ìrẹsì, mọ́sà, àwọn ààfáà. Mo ní sàráà ta ni? Wọ́n ní ti ẹ̀gbọ́n Ìyá tó kú ní Ayétòrò."

Ọ̀gá di ògiri mú.

"Mo kígbe! Mo ní Ìyá wà láàyè, èmi tí mo kí i, tó sì bú mi pé aṣọ mi wọ́n! Ìyá Kétu di ọwọ́ mi mú. Ó ní, 'Ọmọ dáadáa ni ọ́. Wọ́n rán ọ pé kó o sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Mo ti gbọ́. A kì í fi aṣọ funfun di fótò tí kò lójú ránṣẹ́ síni lásán.' Mo búra. Bí mo ṣe ń búra, ló ń bẹ̀ mí pé kí n má sunkún."

Ẹ̀yin ọmọ, bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ní ilẹ̀ wa, a kì í já òkú àgbà lu èèyàn. A ó ní ara rẹ̀ kò le díẹ̀. A ó ní wọ́n ń pè yín nílé. Ẹni tó bá gbọ́n yóò ti mọ̀, yóò sì dúpẹ́ pé a rọra sọ fún òun. Nítorí náà, gbogbo òtítọ́ tí Sìkírá sọ, irọ́ ìtùnú ni létí Ìyá Kétu. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà.

"Kí ló wá ní kí o sọ fún wa?" Ọ̀gá bi í.

"Ó ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Bó bá wà láàyè lóòótọ́, kí ẹ jẹ́ kí òun rí ojú rẹ̀."

Ọ̀gá ti ṣọ́ọ̀bù, ó wọ Èkó lọ wá Oníkánjú. Ó pẹ́ kó tó padà. Ó rí ọ̀kan tó ti gbó nínú ooru, ó fi ìnujú wé e bí ẹyin. Láti gáréèjì ló ti lọ bá Ìyá Àgbà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, eruku ọ̀nà ṣì wà lára rẹ̀.

"Ìyá, ẹ foríjì mí. Fótò àkọ́kọ́ yẹn kò lójú."

"Kò lójú bí i ti báwo? Ṣé o bẹ́ mi lórí ni?"

"Rárá, Ìyá. Orí yín... orí yín máa ń gbọ̀n díẹ̀."

Ìyá mi fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Díẹ̀?" ni Ìyá Àgbà wí. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Lámidi, orí tí gèlè kò lè dúró lé mọ́! Ta ló rò pé mi ò mọ̀? Ṣé ẹ̀yin lẹ ni orí ni? Ẹ̀yin ni mo ń wò láti ọjọ́ yìí. Mo ní kí n wo ẹni tí yóò kọ́kọ́ là á nínú yín."

Ìyá mi ní, "Ìyá, a kò fẹ́ kó dùn yín ni."

"Ó dáa. Ó wá dun àbúrò mi dípò mi." Ọ̀rọ̀ sàráà Kétu ti dé etí rẹ̀ nígbà tí Ọ̀gá wà ní Èkó, ohun tó fà á nìkan ni wọ́n fi pa mọ́ fún un. Ó bèèrè pé, "Ṣé ó sunkún mi dáadáa?"

"Wọ́n ní ojú rẹ̀ wú, Ìyá."

"Hùn. Mo rò pé yóò kàn ní àgbà ló lọ." Ó nawọ́ sí ọ̀pá rẹ̀. "Ẹ gbé àga mi síta, sínú oòrùn gan-an. Ẹni tí wọ́n ti sunkún rẹ̀ tán, kí ni oòrùn tún fẹ́ fi ṣe?"

Lọ́jọ́ yẹn nínú yàrá òkùnkùn, èmi ni mo mi bébà. Ojú yọ. Ó rí bíi gaàrí díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ni. Ìlà ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pé. Ẹnu rẹ̀ ń fẹ́ bú ẹnì kan. Ọ̀gá wò ó, kò pa òwe kankan.

A kò rí ọ̀nà fi ránṣẹ́. Wọ́n ti mú Sìkírá lójú igbó, wọ́n gba ẹrù rẹ̀, wọ́n nà án débi pé ó ní kí a má dárúkọ Kétu sí òun létí mọ́. Oníkẹ̀kẹ́ yẹn ti sá lọ. Òjò dé, ó kún odò, ọ̀nà ẹsẹ̀ bọ́ sábẹ́ omi. Fótò náà wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù, ó ń wo ọjà. Ní gbogbo ọjọ́ ọjà, Ìyá Àgbà yóò bi ìyá mi pé, "Ṣé ó ti rí mi?" Ìyá mi yóò ní, "Ó kù díẹ̀, Ìyá." Ìgbà kan wà tí kò bèèrè mọ́. Nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, ó sùn, kò jí.

A rí ẹnì kan tó gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ túfọ̀ fún Ìyá Kétu. Ìdáhùn rẹ̀ kúrú. Ó ní a kú ara fẹ́ra kù, ó ní òun ti ṣe tòun. Kò sunkún. Èèyàn kì í sunkún òkú kan lẹ́ẹ̀mejì.

Ó pẹ́ lẹ́yìn náà kí wọ́n tó ṣí bọ́dà. Ọ̀kadà ló gbé Ìyá Kétu wá, ọmọ rẹ̀ jókòó sẹ́yìn, ó dì í mú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ. Wọ́n gbé e wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó jókòó sórí àga ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó kí gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá mi ránṣẹ́ pe Ọ̀gá, Ọ̀gá sì mú fótò dání wá, mo tẹ̀ lé e.

Ìyá Kétu gbé e lé itan. Ojú tirẹ̀ ríran dáadáa. Ó wo oòrùn tó wà lára ògiri inú fótò náà. Ó wo ẹnu tó ń fẹ́ bú èèyàn yẹn.

"Nígbà wo lẹ ya èyí?"

Ìyá mi wo Ọ̀gá. Mo mọ̀ pé ó ti ní èsì kan lẹ́nu, èyí tó rọ̀. Ọ̀gá mirí sí i.

"Lẹ́yìn sàráà yín ni, Ìyá," ó ní. "Ó ṣì pẹ́ láyé lẹ́yìn ìgbà yẹn."

Ìyá Kétu fi ìka kan bo ẹsẹ̀ méjèèjì tó wà nínú fótò náà.

"Ẹsẹ̀ mi ṣì le nígbà yẹn," ó ní. "Ǹ bá rìn wá bá a."